Ẹ Kú Ìdúró: Oúnjẹ Àjò, Ebi àti Ìtìjú ní Pápákọ̀ Òfurufú

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ebi kì í wọnú kí ọ̀ràn mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ pa òwe yìí mọ̀ pé ebi lágbára láti di ènìyàn létí, kó sì gba ọgbọ́n lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n irú ebi kan wà tí òwe náà kò mẹ́nu bà. Oúnjẹ lè wà nínú àpò, kí àpò wà lórí itan ẹni, kí ebi sì máa pa olúwarẹ̀ bí ẹni tí kò ní nǹkan kan láyé. Ìtìjú ni baba irú ebi bẹ́ẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìyá kan, olùkọ́-fẹ̀yìntì, ọmọ bíbí Ìlọ́fà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òkè-Ẹ̀rọ̀, ìpínlẹ̀ Kwara, àti wákàtí 9 tó fi dúró ní pápákọ̀ òfurufú kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ní oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ìyá Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà ni àpilẹ̀kọ yìí yóò sì máa lò. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́. Ó sì kan olùkọ́ èdè Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ, gẹ́gẹ́ bí yóò ti hàn níwájú.

Ìmúra Àjò

Ọmọbìnrin Ìyá Tíṣà ló bímọ ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, ìyá ọlọ́mọ ni yóò lọ wẹ ọmọ tuntun, tí yóò sì fi omi gbígbóná tọ́jú ìyá ọmọ. Àkókò náà kò rọgbọ rárá. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu iye rẹ̀. Dọ́là 1 tó ń lọ ní nǹkan bí náírà 460 tẹ́lẹ̀ ti lé ní náírà 1,300 nígbà tí Ìyá Tíṣà ń palẹ̀ mọ́. Owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ tí wọ́n ń fi náírà san kò lè ṣe bẹbẹ níbi tí wọ́n ti ń ná dọ́là àti yúrò. Tíkẹ́ẹ̀tì tó dínwó jù lọ ni ọmọ rà fún ìyá rẹ̀, èyí tó sì dínwó jù náà ni ìdúró àárín ọ̀nà rẹ̀ gùn jù. Báyìí ni ó ṣe máa ń rí fún ọ̀pọ̀ ènìyàn wa. Ohun tí wọ́n bá yọ kúrò nínú owó ọkọ̀, wákàtí ni wọ́n fi ń san án.

Ìyá Tíṣà mọ̀ pé àjò kì í ṣe ibi à ń rìn wọ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó yan gàrí lákọ̀tun títí tó fi gbẹ pọ́nńkán. Ó ní kí wọ́n bá òun ṣe àádùn. Ó dín ìpékeré. Ó fi róbó, ẹ̀pà yíyan àti ṣúgà onígun mẹ́rin díẹ̀ kún un, ó sì di gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ife ike kan àti ṣíbí kan kò gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò, ọmọ rẹ̀ pè é lórí fóònù.

“Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ máa po gàrí láàárín àwọn òyìnbó o. Ẹ ra nǹkan jẹ níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò yín.”

Ìyá dá a lóhùn pé òun ti gbọ́. Kò tú ẹrù náà sílẹ̀, nítorí kì í da oúnjẹ nù. Ó kàn gbé e sí ìsàlẹ̀ àpò ọwọ́ rẹ̀, ó kó ṣẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn àti ìbọ̀sẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, bí ẹni tó gbé ẹrù òfin. Ó pọn dọ́là 50 tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i mọ́ etí ìró. Ó wọkọ̀ láti Ìlọ́fà dé Òmù-Àrán, láti Òmù-Àrán dé Ìlọrin, láti Ìlọrin dé Èkó. Ní Ìkẹjà, ó wọ pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá Mùhámọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣí ní ọdún 1979, ọdún kan náà tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Gíréèdì Tuù. Fún ọdún márùn-dín-láàádọ́ta tí ilé náà ti wà níbẹ̀, èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò tẹ ibẹ̀.

Oúnjẹ Àjò Láyé Àtijọ́

Kí ìtàn tó tẹ̀ síwájú, ó yẹ kí a wo ohun tí ìyá yìí gbé pamọ́ sí abẹ́ aṣọ. Ní ayé àtijọ́, kò sí ẹni tó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn láìdi oúnjẹ. Àwọn oníṣòwò ilẹ̀ wa tó ń lọ sí Gold Coast, títí di ìgbà tí ìjọba Busia fi àṣẹ ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969 lé àwọn àlejò tí kò níwèé kúrò ní Gánà, mọ ohun tí a ń pè ní oúnjẹ àjò. Àwọn tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ọ̀fà náà mọ̀ ọ́n. Inú ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n ti ń tú ìdì wọn, wọn a fi lọ ẹni tó jókòó tì wọ́n, ẹni náà yóò sì ní, “Ẹ kú oúnjẹ, ọwọ́ yín á máa rí i.” Kò sí ẹni tó ń fi ojú ṣíṣẹ́ wo ara wọn. Àwọn alálàájì àtijọ́ tó fi ẹsẹ̀ rìn gba Ṣáàdì àti Sùdáànì lọ sí Mẹ́kà, tí àjò náà ń gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ wọn, kò lè ṣe é láìsí oúnjẹ gbígbẹ. Àwọn tó ń wọ bàálù láti Ìlọrin lóde òní ń di gàrí sínú ẹrù wọn síbẹ̀.

Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú àwọn oúnjẹ wọ̀nyí. Omi ló ń ba oúnjẹ jẹ́, nítorí inú ọ̀rinrin ni èbu ti ń hù. Ẹni tó ń ṣe gàrí yóò fi ẹ̀gẹ́ rírin sílẹ̀ kó kan, yóò fún omi rẹ̀ jáde, yóò sì yan án lórí iná títí ọ̀rinrin tó kù yóò fi lọ. Ẹni tó ń ṣe àádùn yóò yan àgbàdo kó tó lọ̀ ọ́, yóò sì fi epo àti ata pò ó. Ẹni tó ń ṣe róbó àti kúlíkúlí yóò fún òróró inú ẹ̀gúsí àti ẹ̀pà kúrò kó tó dín wọn. Ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni gbogbo èyí, bí àwọn tó ń ṣe é kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí ayé ti yí. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, àwọn agbófinró ní London tú àṣírí àwọn kan tó fẹ́ fi ohun olómi fọ́ bàálù lójú òfurufú. Láti ìgbà náà ni òfin ti jáde pé ohun olómi tí èrò lè gbé kọjá ibi àyẹ̀wò ẹrù kò gbọdọ̀ ju mílílítà 100 lọ nínú ike kọ̀ọ̀kan. Àwọn pápákọ̀ kan ti ra ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì ti dẹ òfin náà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ṣì wà tí kò ì tíì dẹ̀ ẹ́. Ọbẹ̀, àkàmù, oyin àti òróró wà lára ohun tí òfin náà dè. Gàrí, àádùn, ìpékeré àti ẹ̀pà kò sí níbẹ̀. Ohun tí àwọn baba wa yọ kúrò nínú oúnjẹ àjò kí ó má baà bàjẹ́ gan-an ni àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ ń wá kiri. Oúnjẹ àtijọ́ bá òfin òde òní mu wẹ́kú, ẹni tó ń tì í mọ́lẹ̀ ni kò mọ̀.

Ìdúró Wákàtí 9

Aago 6 òwúrọ̀ ni bàálù àkọ́kọ́ balẹ̀. Aago 3 ọ̀sán ni èkejì yóò gbéra. Ìyá Tíṣà kò lè jáde lọ sí ìgboro láti wá oúnjẹ tó rọjú. Òfin físà tí àwọn orílẹ̀-èdè Ṣẹ́ńgẹ̀n ṣe ní ọdún 2009 ka ọmọ Nàìjíríà mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ gba físà kí wọ́n tó lè pààrọ̀ ọkọ̀ nínú pápákọ̀ wọn. Físà Amẹ́ríkà tó wà nínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ yọ ọ́ nínú èyí, ṣùgbọ́n kò fún un láyè láti jáde. Inú ilé ńlá náà ni yóò wà títí ọkọ̀ yóò fi pè é. Ká ní Lomé tàbí Accra ló ti dúró ni, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀, nítorí ìwé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 fún ọmọ Nàìjíríà láyè láti wọ ìlú àwọn aládùúgbò wa láìgba físà, kó sì wà níbẹ̀ fún ìwọ̀n 90 ọjọ́. Ìyá ìbá jáde, ìbá jẹ àbọlọ̀ àti ẹja díndín lẹ́bàá ọ̀nà, ìbá sì padà.

Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ó mú omi ìgò kékeré kan, ó wo iye tí wọ́n kọ sí i: yúrò 3 ààbọ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni lójọ́ ayé rẹ̀, kò sì pẹ́ kó tó ṣe é ní náírà lọ́kàn rẹ̀. Owó náà ju kóńgò gàrí kan lọ. Ó rọra dá ìgò náà padà sí àyè rẹ̀, ó wò yíká bóyá ẹnì kan ń wo òun, ó sì jáde. Ó rí ilé oúnjẹ kan. Ó ka ohun tí wọ́n kọ sára pátákó rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó tún un kà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kò wọlé.

Ó wá àga kan tó kọjú sí pátákó tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí, ó jókòó, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá dìde, ọkọ̀ lè lọ. Aago ọwọ́ rẹ̀ lu 8. Ìgbà yìí ló máa ń lo oògùn ìtọ̀ ṣúgà rẹ̀ nílé lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Ó fi omi tó kù nínú ife tó mú bọ̀ láti inú bàálù lò ó, ó ní òun yóò jẹun tó bá ṣe díẹ̀. Ó fọwọ́ kan àpò. Ó ráńtí ohùn ọmọ rẹ̀: “Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa wò yín.” Ó yọ ọwọ́ kúrò.

Wákàtí kan kọjá, èkejì kọjá. Àwọn ènìyàn ń lọ, wọ́n ń bọ̀. Òyìnbó ọkùnrin kan jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó yọ búrẹ́dì tí wọ́n fi bébà di láti ilé, ó jẹ ẹ́ tán, ó gbọn ìkarahun búrẹ́dì kúrò ní ara ṣòkòtò, ó sì sùn lọ. Ìyá Tíṣà wò ó, ẹnu yà á pé ara kò ti ọkùnrin náà. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí aago 10 lórí aago ọwọ́ rẹ̀, òógùn tútù ti bo ìyá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, àwọn lẹ́tà orí pátákó sì ń di méjì-méjì lójú rẹ̀.

“Ẹ Kú Ìdúró”

“Ẹ kú ìdúró o, ìyá.”

Ìyá Tíṣà gbé ojú sókè. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú àpò ní èjìká. Ìró àti bùbá ìyá ló fi mọ̀ pé Yorùbá ni. Ọmọ Kétu ní orílẹ̀-èdè Benin ni òun, Kútọnú ló ti gbéra, Montreal ní Kánádà ló ń lọ kàwé.

“A dúpẹ́ o, ọmọ mi,” ni ìyá fi dá a lóhùn.

“Ṣé ẹ ti jẹun?”

“Mo ti jẹ, ọkọ mi.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò lọ. Ó ń wo ọwọ́ ìyá. Páásípọ́ọ̀tù ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀ bí ewé kókò nínú afẹ́fẹ́. Ó kúnlẹ̀ tì í.

“Ìyá, ẹ má bínú o. Ṣé oògùn kan wà tí ẹ máa ń lò?”

“Ti ìtọ̀ ṣúgà ni.”

“Ẹ ti lò ó lónìí?”

Ìyá mi orí.

“Ẹ kò sì jẹun.” Kò fi èyí ṣe ìbéèrè mọ́.

Ìyá kò lè purọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó nawọ́ sí àpò. Ọ̀dọ́kùnrin náà kó ṣẹ́ẹ̀tì, ó kó ìbọ̀sẹ̀, ó sì rí ìdì oúnjẹ nísàlẹ̀. Ó mú ṣúgà onígun mẹ́rin, ó ní kí ìyá jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó sì gbé e mì. Ó sáré lọ bu omi wá, ó po gàrí. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 ni ara ìyá fi wálẹ̀. Ó mu gàrí náà pẹ̀lú ẹ̀pà, níwájú gbogbo ayé. Kò sí ẹni tó wò ó. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń wo fóònù wọn.

Àwọn dókítà máa ń ṣe àlàyé rẹ̀ pé irú oògùn ìtọ̀ ṣúgà kan wà tí kò bìkítà bóyá ènìyàn jẹun tàbí kò jẹun. Yóò ṣáà máa fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ni. Bí oúnjẹ kò bá sí nínú, ṣúgà náà yóò lọ sílẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ara yóò gbọ̀n, òógùn yóò bò ó, ọpọlọ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bí wọn kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, olúwarẹ̀ lè dákú, ó sì lè gba ibẹ̀ lọ. Ìtìjú fẹ́rẹ̀ẹ́ pa Ìyá Tíṣà lórí oúnjẹ ara rẹ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà tún wo aago ọwọ́ ìyá. “Ìyá, aago ilé lẹ ṣì ń lò. Ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago ibí fi wákàtí kan ṣáájú ti Nàìjíríà. Ní ìgbà òtútù ni wọ́n ń dọ́gba.” Bí kò bá wí ni, aago 2 ni ìyá ìbá rò pé ó lù nígbà tí ọkọ̀ bá gbéra ní aago 3.

Ohun Tó Yẹ Kí Arìnrìn-àjò Mọ̀

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀dọ́kùnrin yìí ti gba ọ̀nà náà kọjá, owó rẹ̀ kò sì fìgbà kan pọ̀. Ohun tó sọ fún Ìyá Tíṣà ní ọjọ́ náà wúlò fún gbogbo ènìyàn.

Èkíní, kí arìnrìn-àjò gbé ìgò òfìfo dání. Òfin kò de ìgò tí kò sí omi nínú rẹ̀. Bó bá ti kọjá ibi àyẹ̀wò, yóò rí ẹ̀rọ omi mímu lára ògiri, yóò sì bu omi náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Èkejì, kí oúnjẹ ọwọ́ jẹ́ gbígbẹ. Ẹran, ẹja àti wàrà ni kí a jẹ tán kí a tó dé ibi tí à ń lọ, tàbí kí a má tilẹ̀ gbé wọn rárá. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ní òfin líle lórí ẹran àti wàrà tó ń ti ilẹ̀ wa lọ, nítorí àrùn ẹran ọ̀sìn. Wàràkàṣì Ìlọrin kò lè bá ni dé ọ̀hún. Ní Amẹ́ríkà, gbogbo oúnjẹ tó bá wà lọ́wọ́ ẹni ni a gbọ́dọ̀ kéde fún àwọn aṣọ́bodè. Ẹni tó bá kéde kì í jẹ̀bi, àní bí wọ́n bá gba nǹkan náà. Ẹni tó bá fi pamọ́ ni wọ́n ń bu owó ìtanràn lé.

Ẹ̀kẹta, kí a bi ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ léèrè kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì: wákàtí mélòó ni ìdúró náà? Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó ń fún èrò tí ìdúró rẹ̀ bá gùn gan-an ní oúnjẹ tàbí yàrá ní ilé ìtura, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bèèrè ló sábà máa ń rí i gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí a mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdúró tó wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì àti ìdádúró tí ọkọ̀ ṣàdédé fà. Èyí àkọ́kọ́, ọwọ́ ara ẹni ló wà. Èyí ìkejì, òfin wà fún un. Òfin 261 ti ọdún 2004 tí àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 17, oṣù kejì, ọdún 2005, pa á láṣẹ pé bí ọkọ̀ tó ń gbéra láti ilẹ̀ wọn bá pẹ́ ju ìwọ̀n kan lọ, kí wọ́n fún èrò ní oúnjẹ àti ohun mímu. Wákàtí 2 ni ìwọ̀n náà fún ọ̀nà tó kúrú, wákàtí 4 fún ọ̀nà tó jìn bíi tiwa. Bó bá di ọjọ́ kejì, wọn yóò wá ibi tí èrò yóò sùn. Ní ilẹ̀ wa náà, àjọ NCAA tó ń ṣe àbójútó ìrìnnà òfurufú ní òfin tó ní kí wọ́n tọ́jú èrò tí ọkọ̀ rẹ̀ bá pẹ́. Kò sí ìtìjú nínú bíbéèrè ẹ̀tọ́.

Ẹ̀karùn-ún, kí ẹni tó ń lo oògùn má ṣe lò ó láìrí oúnjẹ níwájú, kí ṣúgà tàbí ohun dídùn sì wà ní àpò òkè, níbi tí ọwọ́ yóò ti tètè bà á. Kí a yí aago sí ti ìlú tí a wà. Kí a sì ráńtí pé wọ́n ń ti ilẹ̀kùn ìwọkọ̀ kí àkókò tí wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì tó pé.

Wákàtí tó kù kò gùn mọ́. Àwọn méjèèjì rìn yí pápákọ̀ náà ká kí ẹsẹ̀ ìyá má baà wú. Wọ́n rí yàrá àdúrà, ibẹ̀ sì pa rọ́rọ́, ìyá sinmi níbẹ̀ fún wákàtí kan. Nígbà tí wọ́n padà jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè Kétu wé ti Òkè-Ẹ̀rọ̀. Ibi tí ìyá ti ń ya ọ̀rọ̀ lò láti inú Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀dọ́kùnrin ti ń ya tirẹ̀ láti inú Faransé, ṣùgbọ́n ìkíni kò yàtọ̀. Ìyá pa àlọ́ kan.

“Àlọ́ o!”

“Àlọ̀!”

“Ilé ńlá kan báyìí, gbogbo ayé ló ń wọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó jẹ́ onílé. Kí ni o?”

Ọ̀dọ́kùnrin wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó bú sẹ́rìn-ín. “Pápákọ̀ yìí ni!”

Orísun Ìtìjú Náà

Nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà ti wọkọ̀ lọ, tí ó ku ìyá nìkan, ọkàn rẹ̀ padà sí ọdún 1996. Ọjọ́ ìparí sáà ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ń kọ́ kíláàsì kẹta. Àwọn ọmọ gbé oúnjẹ wá. Púpọ̀ nínú wọn gbé ìrẹsì nínú kúlà. Ọmọkùnrin kan gbé ọ̀ọ̀lẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ewé pọ́n. Ìyá Tíṣà rí i, ó sì wí fún un níwájú gbogbo kíláàsì pé kó gbé oúnjẹ gidi wá lẹ́ẹ̀mìíràn. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà ti ewé padà sínú àpò, kò sì jẹun ní ọjọ́ náà.

Lára àwọn tó rẹ́rìn-ín ni ọmọbìnrin tirẹ̀ wà, tó jókòó ní ìlà iwájú. Ọmọbìnrin yẹn ló dàgbà tó lọ sí Connecticut. Ẹ̀kọ́ tí ìyá kọ́ ọ ní ọdún 1996 ló fi ránṣẹ́ padà sí i lórí fóònù ní ọdún 2024. Ìyá jókòó sí pápákọ̀, ó sì rí i pé ẹnu ara òun ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ jáde.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni. Oúnjẹ ilẹ̀ Yorùbá wà nínú ìwé ìlànà ẹ̀kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ orúkọ oúnjẹ mẹ́wàá sílẹ̀ nínú ìdánwò, ó ń gba máàkì, ó sì ń jáde láìmọ ìdí tí gàrí fi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́ tàbí ìdí tí a fi ń fún òróró inú róbó. Ẹni tó mọ orúkọ nǹkan tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò ní í pẹ́ kó tó máa tijú rẹ̀. Olùkọ́ tó ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni lè ṣe é lọ́nà mìíràn. Ó lè ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan di oúnjẹ àjò ọjọ́ mẹ́ta, kó ṣírò iye tó ná an, kó sì ṣàlàyé ìdí tí kò fi ní í bàjẹ́. Èdè, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ti pàdé níbẹ̀ láìná owó kan.

Ohun mìíràn wà tó yẹ ní ríronú sí. Agbègbè yìí kan náà ló bí Àrẹògún ti Òsì àti Bámigbóyè ti Odò-Ọwá, àwọn ọ̀gá agbẹ́gilére. Ní ọdún 2022, ilé ìkóhun-ọnà-sí ti Yunifásítì Yale ní New Haven, ní Connecticut níbi tí ọmọ Ìyá Tíṣà ń gbé, ṣe àfihàn ńlá tó dá lórí iṣẹ́ ọwọ́ Bámigbóyè. Àwọn òyìnbó tò wọlé láti wo ohun tí wọ́n fi ọwọ́ gbẹ́ ní Odò-Ọwá. Ọwọ́ tó gbẹ́ ère wọ̀nyẹn, gàrí, iyán àti ọ̀ọ̀lẹ̀ ló ń jẹ kó tó gbẹ́ wọn. Bí iṣẹ́ ọwọ́ náà bá tó gbé síta, oúnjẹ tó gbé ọwọ́ náà ró tó tú nínú àpò.

Àgbálọgbábọ̀

Àjò ti di ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé kò lè yẹra fún. Láti Òsì títí dé Ìlọ́fà, ìwọ̀nba ni agbo ilé tí kò ní ọmọ lókè òkun tàbí ní ìlú jíjìn. Àwọn òbí yóò máa lọ kí wọn, ìdúró yóò máa gùn, owó yóò sì máa ṣọ̀wọ́n. Ọgbọ́n tí wọ́n nílò kò jìnnà sí wọn, ó wà nínú ilé ìdáná. Ohun tó kù ni kí ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ ọmọ má ṣe gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ní bodè Amẹ́ríkà, Ìyá Tíṣà tú àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì sọ orúkọ ohun gbogbo tó kù nínú rẹ̀. Aṣọ́bodè wò ó, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì dá a padà fún un. Ọmọ rẹ̀ ń dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọmọ tuntun láyà. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, wọ́n dì mọ́ra.

“Màámi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Kí lẹ rí jẹ láti àárọ̀?”

“Gàrí ni mo mu,” ni ìyá wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. “Gàrí àti ẹ̀pà, láàárín àwọn òyìnbó.”

Ọmọ dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó wo àpò ọwọ́ ìyá rẹ̀, ó sì bèèrè ní ohùn kékeré bíi ti ọmọ kíláàsì kẹta.

“Ṣé ó ṣẹ́ kù, Màámi?”